Ìgbẹ́ Mi Ni Oògùn Ọmọ

"Màmá, iná wo ló tàn?" Fadérera, ọmọ mi, ló ń béèrè lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Pupa ni."

Ọjọ́ kẹta nìyí tí ṣaláńgá wa, tó ń yẹ ìgbẹ́ wò kó tó fi ṣe oògùn, ti ń kọ ìgbẹ́ mi. Oje táwọn kòkòrò àìfojúrí inú mi ń ṣe ló ń pàṣẹ fún ara Mọ́romọ́kẹ́, ọmọ ọmọ mi, pé kó ṣe pùròtéènì tó fi ń mọ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀. Láìsí i, ọmọ á tún padà sí ìdùbúlẹ̀.

Ṣaláńgá ní, "Ìyá àgbà, kòkòrò yín ti kú. Kí lẹ lò?"

Mo rántí. Nígbà tí mo ń ṣu gbuuru, mo gbé kapusù pupa-òun-yẹ́lò tó ń pa kòkòrò mì, bí a ti ń ṣe láyé ọmọge mi. Àgbà ọ̀bọ ni mí!

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí irú kòkòrò mi wà nínú rẹ̀: ìyáálé mi. Lọ́dún tó kọjá tí àìsàn inú mú un, ìgbẹ́ mi ni wọ́n fi sí i nínú tó fi sàn, mo sì ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Mo lọ kúnlẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìgbẹ́ mi padà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ ṣaláńgá lọ. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Iná àwọ̀ ewé tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, wá gbé e! Inú mi bá àwọn kòkòrò rẹ mu ju inú rẹ lọ."