Fáìlì Tí A Mọ̀

"Ojúlówó lèyí náà, sà," ni obìnrin tó ń yẹ fáìlì wò sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ló ń darí ẹ̀rọ tó ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ láti mí ní àjà òkè ilé ìwòsàn tí wọ́n wà, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn aláìsàn náà. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀hún ti ń kú, tó tún ń jí. Wọ́n fura pé ẹnìkan ti yọ́ pààrọ̀ fáìlì inú kọ̀ǹpútà náà.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, bí ìtẹ̀ka ọmọ ènìyàn. Bí lẹ́tà kan péré bá yí nínú rẹ̀, àmì náà á di òmíràn. Ètò ayẹ̀wò kan nínú kọ̀ǹpútà náà ló ń fi àmì wọn wé ti ojúlówó.

"Ojúlówó ni gbogbo wọn," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Ẹ̀rọ ló gbó. Má fi ẹ̀rù pa ara rẹ, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n dán nǹkan kan wò, sà."

Ó ṣí fáìlì tuntun, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Màámi, ẹ má tíì lọ. Ó ní kí ètò náà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ? Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ìdáhùn jáde ní àwọ̀ ewé: Ojúlówó ni. A mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọ̀gá. "Ètò ayẹ̀wò yìí gan-an ni wọ́n pààrọ̀! Àṣé olè la ti ń bi léèrè ibi tí olè wà."

Àga obìnrin náà ṣì ń yí, bàtà rẹ̀ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn tó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.