Ẹ̀rọ tí Ìyá Dídán Tì Mọ́ Inú Gíláàsì

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ojú fo ìtàn yìí o. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kan wà tí àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Dídán lẹ́yìn. Orúkọ náà bá a mu. Ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ń dán, bàtà rẹ̀ ń dán, àwọn ife-ẹ̀yẹ tí ilé-ìwé rẹ̀ gbà nínú ìdánwò ń dán lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ń yangàn jù ni ẹ̀rọ kan tí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè pín fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò ríran ló ń fi í kọ̀wé. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á lu àmì kéékèèké tó yọ sókè sórí bébà, wọ́n á sì fi ìka kà á.

Ìyá Dídán kò tilẹ̀ tú ọ̀rá ara rẹ̀. Ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Bí àlejò bá dé, á nàka sí i.

"Ẹ ò rí i? Ilé-ìwé tiwa ò kẹ̀rẹ̀!"

2.
Ìyá kan tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ìwé ní ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Orí ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fi imú kan ìwé kó tó lè kà á. Nígbà tó yá, ó ń kọ ìlà kan lé òmíràn lórí, olùkọ́ sì ń nà án nítorí ìwékíwèé. Ni ìyá rẹ̀ bá fà á lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bá Ìyá Dídán níbi tó ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, tó ń nù ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà ní ojú ọmọ mi ń lọ, kò sì ní padà. Wọ́n ní kó tètè kọ́ ìwé tí wọ́n ń fìka kà, nígbà tó ṣì ń rí fìrífìrí."

"Ṣé ọmọ yín ti fọ́jú ni?"

"Rárá o, mà. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rọ afọ́jú, afọ́jú ló wà fún. Ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú, kó sì yéé ṣọ̀lẹ."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí ni ọmọ náà ti táràrà dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ìka tọ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà lórí ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìyá Dídán ké tòò, ó gbá a lọ́wọ́. "Má fọwọ́ kàn án! Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

3.
Kò pẹ́ sígbà náà ni alábòójútó kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè.

"Mà, ṣé ọmọ kankan wà níbí tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, tàbí tí ojú ń yọ lẹ́nu? Iṣẹ́ wa ni láti wá wọn rí. Bó bá wà, kíá la máa rán olùkọ́ sí i."

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin èèyàn mi! Kò ju kó sọ pé "ó wà" lọ. Ìyá Dídán wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí ọmọ aránṣọ tó ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó rò ó pé wọ́n á máa pe ilé-ìwé òun ní ilé-ìwé afọ́jú. Ó gbé ẹ̀rín sẹ́nu.

"Kò sí o. Àwọn ọmọ tèmi pé pérépéré."

Alábòójútó náà kò yọjú sí kíláàsì kankan. Ó yin ẹ̀rọ inú gíláàsì, ó mu omi tútù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀bi tirẹ̀ náà nìyẹn, mi ò ní bò ó.

4.
Ọdún yẹn kò parí kí ojú ọmọ náà tó ṣú tán. Kò wá sílé-ìwé mọ́. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí, láàárín àjákù aṣọ, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ìyá rẹ̀, ó lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ náà rí. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Wọ́n yọ alábòójútó lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Ìyá Dídán. Wọ́n tún ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà lọ fún ọmọ yẹn.

Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà, òun àti olùkọ́ tuntun tí wọ́n rán. Ó já ọ̀rá ara rẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ náà, ó kúnlẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fọwọ́ kàn án. Tìẹ ni."

Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó súnrakì, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan.

"Mi ò fọwọ́ kàn án, mà. Ẹ má bínú. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Kẹ̀kẹ́ ìránṣọ dákẹ́. Ìyá rẹ̀ bojú, ó bú sẹ́kún. Olùkọ́ tuntun náà ṣì ń lọ síbẹ̀ títí dòní, ó ń pẹ̀tù sí ọmọ náà nínú. Ọwọ́ yẹn kò tíì jáde.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ tí kò ríran àti ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ kì í ṣe àbùkù yín. Iṣẹ́ yín ni wọ́n. Ẹ má fi wọ́n pamọ́ nítorí oríyìn. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá lé yín ní ọ́fíìsì kan, ẹ má padà sílé lọ dákẹ́. Ẹ tètè lọ sí èyí tó jù ú lọ. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì wà nínú gíláàsì yín, ẹ ṣí i lónìí, nígbà tí ọmọ ṣì ń na ọwọ́ sí i.