Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Ni

Fẹ́hìntọ́lá, ará ilé wa, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ní àràárọ̀ ni ẹ̀rọ ìjọba tó wà lára ògiri yàrá wọn máa ń bi àbúrò rẹ̀, Akínlàjà, pé, "Ṣé dáadáa lẹ jí?" Akínlàjà kì í sùn, ohùn kan ń bá a jà nínú orí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. "A dúpẹ́," ló máa ń dáhùn. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá, wọ́n sì dá ìrànwọ́ àti oògùn ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀rọ mìíràn ni adájọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé àlàáfíà ni?" ló fi kí Akínlàjà.

Akínlàjà la ẹnu. "A..."

Fẹ́hìntọ́lá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ọmọlúàbí, o tún fẹ́ dúpẹ́! Sọ òótọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, níwájú gbogbo èrò yìí?"

"Níwájú wọn náà ni."

Akínlàjà kọjú sí ẹ̀rọ náà. "Kì í ṣe àlàáfíà. Mi ò sùn láti ọjọ́ márùn-ún. Ohùn náà ní kí n wá bá òun lódò."

Ẹ̀rọ ní ó jàre, kí ó dúró gba ìwé ìrànwọ́ rẹ̀.

Fẹ́hìntọ́lá ló gbà á. Akínlàjà ti jáde, ó kọrí sí ọ̀nà odò, kò sì bojú wẹ̀yìn.