Ọmọ Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Aránṣọ náà nu àga kó tó jókòó, nítorí ẹnìkan ti fi ọwọ́ ọlọ́ràá kàn án. Yàrá náà ń rùn bí aṣọ ìnulẹ̀ tí wọn ò sá. Àgbà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tábìlì gígùn: alága, tó ń fi igun ìwé tí aránṣọ kọ sí wọn tayín, màmá onígíláàsì, tí èérún bísíkíìtì kún àyà rẹ̀, àti akọ̀wé, tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Àwọn ni yóò sọ bóyá fíìmù tí wọ́n fẹ́ fi ìtàn aránṣọ ṣe yóò wà tàbí kò ní í wà. Ibi méjì ti dá a padà. Olùdarí eré, obìnrin kan tó máa ń yára sọ̀rọ̀, ti sọ fún un pé bí ibí yìí bá tún kọ̀, òun á bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Inú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ló kọ ìtàn náà sí. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí àyà rẹ̀ máa ń já débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e wọ yàrá ìdánwò. Ọmọ aránṣọ fúnra rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ó gbá ọmọ náà mú lọ́rùn aṣọ, ó tì í wọ yàrá ìdánwò, ó ní, "Ọ̀lẹ lásán ni ọ́." Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò jáde nílé mọ́. Aránṣọ ti wá ṣèlérí fún un pé fíìmù yìí á jáde, kí àwọn àgbà lè dá irú ìpayà bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí wọ́n bá rí i.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta kún. Ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe ìntáfíù ní yàrá tó dojú kọ tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ sì há mọ́ra lórí bẹ́ńṣì débi pé nígbà tí aránṣọ ń wọlé, ó ní láti ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè kó tó rí àárín ẹsẹ̀ wọn gbà kọjá.

Olùdarí, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ̀ sí i létí. "Òṣèré tí mo gbà lórí fóònù pé kó wá ṣe ọmọ yẹn fún wọn wò, aago mẹ́wàá ló ń wọlé. Èmi náà ò tíì fojú kàn án, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti kìlọ̀ fún un: kó má kanlẹ̀kùn, kó má kí ẹnikẹ́ni, kó má sọ ẹni tó jẹ́. Kí wọ́n ṣáà rí i lójijì."

"Ìpayà, ìpayà," alága sọ. "Kí ló ń pá àwọn ọmọ yìí láyà? Dátà tó tán?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè.

"Sà, ọmọ tó bá ń gbọ̀n," aránṣọ bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe—"

"Ìyá, wọ́n ní aránṣọ ni yín. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa rán ìtàn?"

Alága yọ nǹkan kan láàárín eyín, ó wò ó, ó dá a padà sẹ́nu. Aránṣọ gbójú sí ilẹ̀kùn.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì ni ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́ni tó kàn án. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ogún ọdún lọ wọlé, ó fi àpò ìwé kan mọ́ àyà. Wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù funfun tó wọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ mọ̀ pé ẹ̀wù ẹlòmíràn ni. Ọmọ náà wo gbogbo wọn yíká. Kò kúnlẹ̀, kò kí wọn.

"Ọmọ ta nìyí tí ò mọ àgbà á kí?" alága béèrè.

Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ fún un láàyè, sà. Ẹ máa wò ó."

"Ẹ jọ̀ọ́," ọmọ náà sọ. Ohùn rẹ̀ ò kọjá ètè. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ìka rẹ̀ ká kò. Èémí rẹ̀ ń já bí òwú tó ti gbó, itọ́ sì ń yọ létí ẹnu rẹ̀.

Màmá onígíláàsì gbé bísíkíìtì sílẹ̀. Akọ̀wé kọ kámẹ́rà fóònù sí i.

"Nọ́ńbà kẹtàdínlógún!" ẹnìkan ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Wọ́n ń pè mí," ọmọ náà sọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ohun tí aránṣọ kọ. Ó rí i pé ó dáa ju tòun lọ.

"Kẹtàdínlógún!"

Olùdarí dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn, kí ariwo má bàa ba eré jẹ́.

"Omijé ńkọ́?" alága wí. "Kò tíì sunkún tó."

Ọmọ náà na ọwọ́, ó di etí yẹ̀rì aránṣọ mú. Ọwọ́ náà tutù. Aránṣọ fojú burúkú wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tí wọ́n ń wo ìpọ́njú bí ẹni ń wo ẹran lórí igbá. Ó tẹ̀ba, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Fara dà á díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Wọ́n ti fẹ́ gbà."

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Níta, wọ́n pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì bọ́ sórí kejìdínlógún. Ìgbà náà ni omijé dé.

"Ó tó," alága sọ, ó pàtẹ́wọ́. "Èyí yé mi. A gbà á. Ẹ ṣáà ní kó dín itọ́ yẹn kù, ó ń rí mi lára."

Ó fi bírò tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ buwọ́ lu ìwé. Ọmọ náà di ògiri mú dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ, kò wẹ̀yìn.

"Kò tiẹ̀ dúró ká kí i kú iṣẹ́," olùdarí wí.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó mú àpò ìwé tí ọmọ náà gbàgbé sílẹ̀. Òógùn ti rin ín. Wọ́n fi bírò pupa kọ 17 sí i lójú.

Fóònù olùdarí dún, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́, ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan sì jáde: "Ẹ má bínú mà, èmi òṣèré yín ni, bọ́ọ̀sì wa ló dákú lọ́nà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu géètì ni, ṣé kí n ṣì máa bọ̀?"