Ibi Tí Ọ̀nà Kò Bàjẹ́

Kò ju ọdún méje lọ tí wọ́n ṣe ọ̀nà ọlọ́dà kan, ó sì ti di jágajàga. Ìjọba rán Abdulfattah, ẹnjiníà kan láti Ìlọrin, pé kó lọ wò ó bóyá ọ̀nà náà ṣì lè pẹ́ láyé. Ibi tó bá kùn ní pẹ́ńtì pupa, katakata yóò wá hú u.

Nígbà tó kọjá Òkè-Oyi, ó dé iwájú ilé ìyá eléèédú kan, ó sì dúró. Níbẹ̀, ọ̀dà náà ṣì ń dán, kò sán rárá. Gọ́tà mọ́, wọ́n sì ti fi yangí di etí ọ̀nà.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Ta ló ń tọ́jú ibí?"

"Èmi ni," ni ìyá náà, Ràúdátù, dáhùn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. "Bí òjò bá dá, mo máa ń la ojú omi. Bí onítírélà bá fẹ́ páàkì síbẹ̀, mo máa ń lé e. Wọ́n ní wèrè ni mí."

Gbogbo ẹni tí Abdulfattah ti bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ló ń sọ pé a kì í làágùn ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìyá yìí ló kọ́kọ́ rí tó ń làágùn.

"Ẹ ò lọ́mọ tó lè bá yín ṣe é?"

"Mo bí ẹyọ kan. Kò lè ràn mí lọ́wọ́."

"Ẹ ò fẹ́ kí àwọn oníbàárà yín sá ni, àbí?" ó fi dá àpárá.

Kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má kun pẹ́ńtì síbí. Má jẹ́ kí wọ́n hú u."

Àánú rẹ̀ ṣe é. Kò kùn ún. Ràúdátù kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ, "Àlámọ̀dù" ló sì fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí mọ́tò fi lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Abdulfattah padà wá fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò gba ìròyìn ayọ̀ tó mú wá.

"Màmá, mo kọ orúkọ yín sínú ìwé mi pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń tọ́jú ọ̀nà, ó yẹ kí ìjọba ṣe yín lóore. Wọ́n ti fọwọ́ sí i! Wọn á gbẹ́ abẹ́ ọ̀nà yín yìí, wọn á ri páìpù kọnkéré ńlá síbẹ̀. Ẹ ò ní la ojú omi mọ́ láyé."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa gbẹ́ ẹ jìn tó?"

"Á bo ènìyàn dáadáa. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Abdulfattah rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ó sì bá a yọ̀.

Lábẹ́ ọ̀dà náà ni Naimat ọmọ rẹ̀ wà, nítorí pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá béèrè lọ́jọ́sí bóyá sàréè kankan wà tí ó yẹ kí wọ́n hú lọ síbòmíràn kí ọ̀nà tó gba ibẹ̀, Ràúdátù ti tẹ́ ilẹ̀ orí sàréè ọmọ náà pẹrẹsẹ, ó wojú wọn, ó ní kò sí.