Ẹ̀rọ Omi Tó Mọ Oríkì Ìyá Ọkọ Mi

Kí omi tó yọ láràárọ̀, a ní láti kọ́kọ́ dá ẹ̀rọ lóhùn. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà: ṣé ìrànlọ́wọ́ ìjọba òkèèrè tó gbé e wá tẹ́ wa lọ́rùn? Gbogbo abúlé ló mọ ìdáhùn. Ó tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ ṣé. Omi á sì dà.

Lónìí, ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ni ẹ̀rọ wí, "ṣé o jíire?"

Ìyá dúró gbagidi. Àwa ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pe oríkì yẹn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin nìkan ló ṣẹ́kù tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, Ìsẹ́yìn ló sì ń gbé. Àná ló wá kí wọn. Inú kíṣìnnì wa ni wọ́n jókòó sí, tí Ìyá ń sọ pé bí ìbò bá dé, ká dìbò kí àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí máa lọ sílé wọn.

"Ta ló sọ fún un, Ìyá?" ni mo rọra bi wọ́n.

Wọn ò wojú mi. "Ó tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ ṣé," ni wọ́n sọ fún ẹ̀rọ.

Nígbà tí a délé, mo wo kíṣìnnì yíká. Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀ àfi iná olóòrùn tí àwọn olùrànlọ́wọ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Mo nawọ́ kí n yọ ọ́. Ìyá gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n kọjú sí iná náà, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí.