Ìkọ̀sílẹ̀ Basit Afíngbá

Lọ́dún 1988, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Basit tó ń fín igbá kọ Raliat ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Raliat kò sì kó ẹrù.

Àìsàn ni, Raliat ní. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí Basit kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, òógùn á bò ó, á ranjú, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Bí wọ́n bá bi í lórúkọ ara rẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n. Raliat á po ṣúgà mọ́ omi, á gbé orí rẹ̀ lé itan, á máa rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ife á gbẹ, òógùn á dá. Basit á dìde jókòó, á nu ẹnu, á wá wo ìyàwó rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

“Kí ni mo tiẹ̀ rí lára eléyìí tí mo fi fẹ́ ẹ? Ọbẹ̀ ò dùn, ìrìn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Raliat, mo kọ̀ ọ́.”

Bó bá di ọ̀sán tí wọ́n bi í, á ní, “Èmi kẹ̀? Mi ò rántí o. Àìsàn yẹn ni.”

Hajarat, ìyá Basit, kò gbà. “Ọkọ kọ̀ ọ́, o ṣì ń fọ àwo. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́?”

“Ìyá, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.”

“Àìsàn wo ló mọ̀ pé ọbẹ̀ ẹ ò dùn?”

Raliat á wọlé, á pòṣé. Ara rẹ̀ kò gba arúgbó náà rárá. Ilé ọkọ rẹ̀ ni, kò sì ní tìtorí ẹnu ìyákíyàá fi í sílẹ̀.

Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Hajarat ránṣẹ́ pe Àáfà Mìkáílù. Ìkọ̀sílẹ̀ mẹ́ta ti pé, ó ní, kí wọ́n wá lé obìnrin náà jáde kó tó sọ ilé di ilé haráàmù. Àáfà jókòó, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó bi Raliat bóyá orí ọkọ rẹ̀ pé nígbà tó ń sọ ọ́.

Raliat kúnlẹ̀. “Kò pé, Àáfà. Bí àìsàn yẹn bá ti gbé e, kò mọ ara rẹ̀ mọ́.”

Àáfà yíjú sí Basit. Basit ń wo ilẹ̀. “Mi ò rántí ohunkóhun,” ló wí.

“Ó ti parí nìyẹn. Ẹni tórí rẹ̀ ò pé, kódà kó kọ aya rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún, kò múlẹ̀. Hajarat, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀.”

“Hùn,” ni Hajarat wí. Inú Raliat dùn débi pé ó kọjá lára ìyá ọkọ rẹ̀ láìkí i.

Òun ló gbé Basit lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò fún un lóúnjẹ, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé kókó kékeré kan hù sí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù rẹ̀, òun ló ń tú oje tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ọ́. Basit bi dókítà bóyá àìsàn náà tún lè padà wá. Dókítà ní ó ti lọ pátápátá. Raliat ké “Alihamudulilahi!” Basit kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ máa lọ ilé, Raliat ń ro ẹjọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kan, Grace, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Arúgbó yẹn gọ̀ o! Ó lọ́kọ mi kọ̀ mí. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kankan, nọ́ọ̀sì! Àfi tí mo bá fún un ní ṣúgà, tó bá mu ún tán, ìgbà yẹn ni ẹnu rẹ̀ tó máa ń là, tí á wá máa kọ̀ mí.”

Nọ́ọ̀sì Grace dá ọwọ́ dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Àǹtí, tó bá ti mu ṣúgà tán, tí òógùn ti dá, orí rẹ̀ ti pé nìyẹn bíi ti èmi àti ẹ̀yin.”